Àníyàn Ṣáájú Eré Ìje Gígùn

Láti oṣù kejì ọdún 2016 tí eré ìje Marathon Ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀, láti Sùúrùlérè dé Eko Atlantic, ni àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ti ń wá bá mi fún "oògùn agbára" bí ọjọ́ bá ku ọ̀la. Kìlómítà 42 mà ni, ẹ̀yin òbí!

Oògùn ara ríro bíi ibuprofen kì í fúnni lágbára. Ẹni tó bá gbé e mì, tó wá ń sáré títí omi ara rẹ̀ fi ń gbẹ, kíndìnrín rẹ̀ ló ń fi wewu. Ti tramadol tún burú jùyẹn lọ.

Ọkàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ múra. Nínú Rọmọdọ́ọ̀nù, a kì í dúró dìgbà tí ebi bá ń pa wá ká tó ṣe àníyàn ààwẹ̀. Òru la ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí sárésáré ti pinnu nílé ohun tó máa ṣe bí ẹsẹ̀ bá wúwo ní kìlómítà 30: kó dín eré kù, kó máa ka ìṣísẹ̀, kó máa ronú ibi tí wọ́n ti ń pín omi nìkan. Àyà dídùn tàbí òòyì yàtọ̀ o. Kó dúró, kó pe olùtọ́jú.

Ẹ fún ìdánrawò ní oṣù mẹ́rin ó kéré tán, lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, kí tírélà tó gba ọ̀nà Àpápá. Àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú gan-an la ń mọ ẹni tó ṣe àníyàn.

Ọmọkùnrin kan tí mo kọ̀ láti ta oògùn fún bínú lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó padà wá ra pílásítà fún àtẹ́lẹsẹ̀ tó bó. Ó ti sá a parí.