Kí Ẹ Tó Mú Sípánà, Ẹ Mọ Ibi Tí Nǹkan Wà

Irinṣẹ́ ni ẹni tó bá fẹ́ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá. Lójú tèmi, ibi tí nǹkan wà lára ọkọ̀ náà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀, torí ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Nínú Toyota Corolla ọdún 2005, orí rédíétọ̀ ni ìdérí tó ń ṣé ìfúnpá mọ́nú wà. Kò sí ìfúnpá nínú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń bu omi kún un. Ti Volkswagen Golf yàtọ̀: rédíétọ̀ rẹ̀ kò ní ìdérí, inú ike gan-an ni ìfúnpá wà. Ìfúnpá yìí ló ń jẹ́ kí omi gbóná kọjá 100°C láìhó. Bí ènìyàn bá ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú lù ú lójú. Ẹni tí Corolla ti mọ́ lára lè ṣí ike Golf láìfura, kó sì fi bẹ́ẹ̀ bó.

Bátìrì náà kì í gbé ojú kan. Nínú Toyota Prius ti 2004 sí 2009, inú búùtù ni bátìrì kékeré wà, ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn sì ni ti ńlá wà, èyí tó jẹ́ fólítì 201.6. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ló ń gbé iná rẹ̀ wá síwájú, iná náà sì lè pani. Jáàkì pẹ̀lú ní ojú irin tó le tí wọ́n ṣe fún un. Bí a bá gbé e sí ibòmíràn, ó lè yọ̀. Inú ìwé atọ́nà ọkọ̀ ni ẹ ti máa rí gbogbo ibi wọ̀nyí.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì àdúgbò kì í ka ìwé atọ́nà, síbẹ̀ ọkọ̀ ń dára lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni ẹni tó ń dá tirẹ̀ ṣe nílé kò ní. Fídíò YouTube ń ṣèrànwọ́ bó bá jẹ́ ọkọ̀ yín gan-an ni wọ́n ń tú níbẹ̀. Orúkọ lè bára mu kí ọdún àti ẹ́ńjìnnì má bára mu. Nọ́ńbà ṣásí ni ẹ fi máa mọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ lè kà á láti ìta gíláàsì iwájú. Lára tòkúnbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 ni 2008, A ni 2010. Ẹ wá ìwé atọ́nà ọdún yẹn gan-an, kí ẹ kà á kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibi tó bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.