Orlando Martins: Elégbè nínú Sinimá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Nínú orin Yorùbá, ẹnì kan ni í lé orin, àwọn elégbè a sì máa gbè é. Bí àwọn elégbè bá dákẹ́, orin náà kò ní dùn létí mọ́. Bákan náà ni eré sinimá rí. Orúkọ olú òṣèré ni a máa ń kọ gàdàgbà gadagba síta. Orúkọ elégbè a wà nísàlẹ̀, bí a bá tilẹ̀ rántí kọ ọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ojú tí sinimá Òyìnbó fi wo Áfíríkà nígbà tí àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn, iṣẹ́ àwọn elégbè ni kí ó yẹ̀ wò. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Orlando Martins, ọmọ Èkó.

Ní ọdún 1899 ni a bí i, ní ìdílé tí ó ní gbòǹgbò ní ilẹ̀ Brazil, irú àwọn tí ará Èkó ń pè ní Àgùdà. Ó wọ Eko Boys' High School, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Nígbà tí ogun parí, ó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ́nù. Iṣẹ́ tí ó níyì kò pọ̀ fún aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà. Martins ja ìjàkadì fún owó lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ, ó sì wà lára àwọn elégbè nínú eré olórin tí a ń pè ní Show Boat.

Nígbà náà, sinimá kò tíì ní ohùn. Ọ̀rọ̀ tí òṣèré ń sọ, kíkà ni òǹwòran ń kà á lójú aṣọ. Ní ọdún 1927, The Jazz Singer mú ohùn dé ní Amẹ́ríkà. Ní 1929, Blackmail tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyípadà yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dára, ó sì ṣí i fún ẹni tí tirẹ̀ rinlẹ̀. Ara Martins tóbi, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan ni àwọn onísinimá ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ohùn náà yóò sọ, àwọn ẹlòmíràn ni í kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé náà kò mọ̀ ju oríṣi ọmọ Áfíríkà mẹ́ta lọ: olóyè inú igbó, adáhunṣe tí ń dẹ́rù ba ará ìlú, àti ìránṣẹ́ Òyìnbó.

Sanders of the River, tí Zoltan Korda darí ní ọdún 1935, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Nàìjíríà ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Bosambo. Martins ní ipa kékeré. Jomo Kenyatta, tí ó padà di olórí ilẹ̀ Kenya, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fíìmù náà gbé ìjọba amúnisìn ga tó bẹ́ẹ̀ tí Robeson fúnra rẹ̀ fi padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Robeson ti kárí ayé, ó lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Elégbè tí ó bá kọ iṣẹ́ òní kò mọ̀ bóyá ti ọ̀la yóò dé.

Orí ìtàgé ni Martins ti rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù. Ní ọdún 1936, nínú Toussaint Louverture, eré tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Haiti, òun ni ó ṣe Boukman, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tanná ran ìṣọ̀tẹ̀ náà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni Men of Two Worlds jáde. Thorold Dickinson ni ó darí rẹ̀, Tanganyika sì ni ìtàn náà wà. Robert Adams ṣe Kisenga, olórin tí ó ti Lọ́ńdọ́nù padà wálé. Martins ṣe Magole, adáhunṣe tí kò jẹ́ kí ará ìlú ṣí kúrò níbi tí eṣinṣin ti ń kó àìsàn oorun ràn wọ́n. WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní 1925, fi ẹ̀hónú hàn pé fíìmù náà tàbùkù sí ọmọ Áfíríkà. Ẹjọ́ wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo Magole yóò rí ohun kan tí òǹkọ̀wé kò fi sí i: Martins kò ṣe é bí òmùgọ̀. Ó ṣe é bí àgbà tí ó gba ara rẹ̀ gbọ́, tí agbára rẹ̀ sì ń bọ́ lọ lójú rẹ̀.

Ipa tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni Blossom nínú The Hasty Heart, tí ó kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó sì tún ṣe nínú fíìmù ní 1949 pẹ̀lú Richard Todd, Patricia Neal àti Ronald Reagan. Blossom jẹ́ ọmọ ogun Áfíríkà tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Burma, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: ohùn ni ó mú Martins wọ inú sinimá, ipa tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kankan ni ó sì gbé orúkọ rẹ̀ ga. Níbi tí kò sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu rẹ̀, ojú àti ìṣesí rẹ̀ ni òǹwòran ń kà.

Nígbà tí ó padà sí Èkó, iṣẹ́ kò tán. Ní ọdún 1970 ó ṣeré nínú Kongi's Harvest, tí Ossie Davis darí láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Lẹ́yìn náà ó ṣe Obierika nínú fíìmù tí a fa yọ láti inú àwọn ìwé Chinua Achebe. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Nàìjíríà kọ ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ wàyí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó kú ní Èkó ní ọdún 1985.

Àwọn kan lè sọ pé ó yẹ kí ó ti kọ irú ipa bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀, a ó ṣe fíìmù náà síbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì jókòó sí àyè rẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni sinimá ayé ìgbà náà rán Orlando Martins. Bí ọmọ ni ó ṣe jẹ́ ẹ.