Iyèré: Gbígbìn àti Ìtọ́jú Ata Tí Ó Ń Gun Igi

Ìfáárà
Ìtàkùn ni iyèré. Igbó òjò ni ilé rẹ̀, irú igbó tí ó bo agbègbè Òrè àti Odígbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó láyé àtijọ́. Àwọn Ìgbò ń pè é ní uziza. Ẹbí kan náà ni òun àti ata dúdú ilẹ̀ Íńdíà, ṣùgbọ́n èso iyèré ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn Potogí fi pè é ní ata onírù nígbà tí wọ́n kó o láti ilẹ̀ Bìní lọ sílé ní nǹkan bí ọdún 1486.

Bí ó ṣe ń gun igi
Gẹ́gẹ́ bí ivy ti í lẹ̀ mọ́ ògiri ní ilẹ̀ Yúróòpù, gbòǹgbò kéékèèké ní í yọ ní oríkèé iyèré, tí í sì dì mọ́ èèpo igi. Èyí lè mú kí ènìyàn rò pé ó ń fa oje igi mu bí àfòmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ ni iyèré ti ń jẹun. Àkàbà lásán ni igi jẹ́ fún un.

Gbígbìn àti ìtọ́jú
Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó yẹ ní gbígbìn. Kí àgbẹ̀ gé ìtàkùn olóríkèé mẹ́ta lára èyí tí ó ti ń so, kí ó ri oríkèé méjì mọ́lẹ̀ ní ìdí igi obì tàbí ìyeyè, lábẹ́ ìbòòji. Kí ilẹ̀ náà tutù, ṣùgbọ́n kí omi má dúró sí i. Kí ó fi okùn rírọ̀ so ìtàkùn mọ́ igi títí gbòǹgbò yóò fi dì í mú. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí ó kó ewé gbígbẹ sí ìdí rẹ̀. Bí èso bá ń pọ́n, kí ó já a ní ṣíṣù, kí ó sì sá a títí yóò fi dúdú. Ẹni tí ó bá fa ìtàkùn lulẹ̀ nítorí èso ti pa ìkórè ọdún tí ń bọ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Inú igbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ti ń ká iyèré, igbó náà sì ń dínkù. Nínú Igbó Ọba Olúwa, gmelina ti gba ipò igi àdáyébá ní ibi púpọ̀. Bí iyèré bá tán, ọbẹ̀ abiyamọ yóò pàdánù adùn àti oògùn rẹ̀, orúkọ náà yóò sì di ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún akẹ́kọ̀ọ́. Igi ìyeyè kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fọwọ́ kan gbòǹgbò ara oríkèé rẹ̀ kò ní ṣi iyèré pè ní àfòmọ́ mọ́.