Kí Ní Ń Di Ọkọ̀ Eré Onígi Mú?

Ará Láfẹ́nwá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló ń fa rélùwéè. Ṣùgbọ́n ìbátan rélùwéè kan wà lókè òkun tí kò ní ẹ́ńjìnnì nínú rárá. Rólà kósítà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ìdárayá ni, orí òpó igi gíga-gíga ni wọ́n sì tẹ́ ọ̀nà àwọn ti àtijọ́ sí. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ni yóò wọ́ ọkọ̀ náà dé ṣóńṣó òkè kìíní. Láti ibẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò mú un sáré sọ̀ kalẹ̀, eré náà ni yóò sì fi gun òkè tó kàn. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń ha irin ni eré ń dín kù. Nítorí náà, kò lè gun òkè tó ga tó ti ìṣáájú mọ́.

Kí ni kì í wá jẹ́ kí ó fò kúrò lọ́nà? Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn àgbà oníṣẹ́ gbà dáhùn.

Ní ọdún 1902, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó gba Abẹ́òkúta kọjá, ni wọ́n kọ́ Leap-the-Dips sí Altoona, ìlú òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ bàtà 41 ni gíga rẹ̀. Pákó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń há ọkọ̀ mọ́. Kò sí ohun tó dì í mú nísàlẹ̀, nítorí náà eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀.

Ti Melbourne ní Ọsirélíà, ti ọdún 1912, ènìyàn ni wọ́n fi ṣọ́ ọ: abíréèkì dúró láàárín àwọn èrò, ó ń dín eré kù bí ó ti yẹ.

Ní ọdún 1919 ni John Miller gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yí lábẹ́ irin, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra. Irú ọgbọ́n yìí ló jẹ́ kí Cyclone ti Coney Island, tí wọ́n ṣí ní 1927, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 85, kí ó sì sá tó máìlì 60 ní wákàtí kan.

Bí ó ti wù kí ọgbọ́n wọn yàtọ̀ tó, ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń fẹ́. Òjò ń mú igi wú, oòrùn ń mú un sunkì, nọ́ọ̀tì sì ń tú. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa rin ọ̀nà náà yẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà. Nígbà tí Leap-the-Dips bàjẹ́, wọ́n tì í ní 1985. Ó di 1999 kí ó tó tún ṣiṣẹ́. Iná jó ti Margate ní Ìlú Ọba, tí wọ́n kọ́ ní 1920, ní ọdún 2008. Ọdún 2015 ni wọ́n tó tún un ṣí.

Ogbó nìkan kọ́ ló ń ba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́, àìbójútó ni. Ọ̀rọ̀ náà kan afárá irin Láfẹ́nwá lórí Odò Ògùn pẹ̀lú: irin tí a kò bá kùn, yóò dógùn-ún.