Àfojúbù Stirling Nínú Ìṣirò Fermi àti ti Bose

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye èérún tí yóò wà ní ipele agbára kọ̀ọ̀kan ní láti kọ́kọ́ ka ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pín. Ìṣirò náà ni 1 lọ́nà 2 lọ́nà 3, títí dé iye gbogbo èérún. Èérún inú ìgò afẹ́fẹ́ kan kò sì lóǹkà.

Òfin James Stirling, ti ọdún 1730, ni wọ́n fi ń gba ibẹ̀ kọjá: lọ́gárítímù àdánidá àbájáde náà súnmọ́ iye èérún lọ́nà lọ́gárítímù rẹ̀, bí a bá yọ iye náà kúrò. (De Moivre ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ Stirling ni ó mọ́ ọn lára.) Fún 10, òtítọ́ jẹ́ 15.10, àfojúbù sì jẹ́ 13.03. Fún 100, òtítọ́ jẹ́ 363.74, àfojúbù 360.52, àṣìṣe náà kò tó 1 nínú 100.

Ṣùgbọ́n ìlànà Fermi àti Dirac, ti ọdún 1926, kò gba ju ẹ̀lẹ́kítírónì 1 lọ ní ipò kan, òfin nọ́ńbà ńlá kò sì bá 0 àti 1 mu. Nítorí náà ni àwọn ìwé fi ń kó ọ̀pọ̀ ipò tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jọ sí agbo kan kí wọ́n tó lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fo ìkójọ yìí yóò rí èsì tí ó tọ́, láìní ẹ̀tọ́ sí i.

Ọ̀nà kan wà tí kò bẹ Stirling rárá. A ó mú ipò kan ṣoṣo tí ń gba agbára àti èérún lọ́wọ́ àyíká rẹ̀, a ó sì ro ìwọ̀n ṣíṣeéṣe òfìfo pọ̀ mọ́ ti èérún 1. Fún èérún Bose (1924), ìròpọ̀ náà ń lọ láti 0 láìlópin. Èsì kan náà ni ó ń jáde.