Ọwọ́ tó ń kú lórí kẹ̀kẹ́: Ohun tó ń fà á, bí ẹ ṣe lè dènà rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kí ẹ rí dókítà

Kì í pẹ́ púpọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kí ìka ọwọ́ ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Yóò kọ́kọ́ máa ta á bí abẹ́rẹ́, tàbí bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn náà ni pajápajá yóò mú ọwọ́ náà, tí kò sì ní mọ̀ dáadáa mọ́ bóyá ó di bíréèkì mú tàbí kò dì í mú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọn ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì máa bá ìrìnàjò wọn lọ. Àwọn kan á ní lákùrègbé ni, àwọn mìíràn á fi róòbù pa á lálẹ́ kí wọ́n tó sùn.

Àmọ́ kì í ṣe inú eegun ni wàhálà náà ti ń wá. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka lọ sínú ọpọlọ ni ìwúwo ara àti gbígbọ̀n ojú ọ̀nà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́. Róòbù kò lè gbé ìwúwo kúrò lórí iṣan.

Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé sípánà kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lè tó láti yanjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fojú kékeré wò ó títí tí ọwọ́ fi di aláìlágbára lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kí ọwọ́ náà tó padà bọ̀ sípò.

Àwọn wo ló kàn?

Ní ìlú Ouagadougou tó jẹ́ olú-ìlú Burkina Faso, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ló kún ojú pópó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Orílẹ̀-èdè náà ló ń gbàlejò Tour du Faso, ìdíje kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987.

Ní àríwá Nàìjíríà, Niger, Mali àti Benin, àwọn àgbẹ̀, olùkọ́ àti oníṣòwò kéékèèké ṣì ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí oko, iléèwé àti ọjà. Ní Èkó àti Abuja náà, àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ láti fi ṣe eré ìdárayá.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gbàlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà yóò wáyé nílẹ̀ Áfíríkà. Lára ibi tí àwọn olùdíje gbà ni òkè Kimihurura, tó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀.

Àgbẹ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà eléruku lọ sóko àti olùdíje tó ń gun òkè olókùúta ní Kigali kò jọ ara wọn. Síbẹ̀, iṣan kan náà ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèjì.

Ìka wo ló ń kú?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ kíyèsí nìyí, nítorí ìka tó ń kú ló máa ń sọ iṣan tí wàhálà náà wà lára rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìka ọmọdinrin àti ìka òrùka ló ń kú, iṣan tí àwọn dókítà ń pè ní ulnar ni. Òun náà ló máa ń ta wá gìrì bí iná mànàmáná nígbà tí ìgbọ̀nwọ́ bá gbá etí tábìlì.

Iṣan yìí sọ̀kalẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ wá sí ọrùn ọwọ́, ó sì gba ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín eegun kéékèèké méjì wọ àtẹ́lẹwọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ìka ọmọdinrin. Félix Guyon, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàpèjúwe ojú ọ̀nà náà lọ́dún 1861, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé ìwúwo ara wọn lé nígbà tí wọ́n bá dì mọ́ kẹ̀kẹ́.

Tó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀lé e àti ìka àárín ló ń kú, iṣan median ni. Àárín ọrùn ọwọ́ nìyẹn ń gbà kọjá, ó sì máa ń há nígbà tí èèyàn bá tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́.

Tí gbogbo ìka bá ń kú papọ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣan méjèèjì ní ìṣòro, ó sì lè jẹ́ láti ọrùn ni. Ẹni tó tẹ̀ síwájú jù lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ gbé orí sókè kó tó lè rí iwájú, èyí sì máa ń ni ọrùn àti èjìká lára.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun

Lọ́dún 1896, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde ní Yúróòpù, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Étienne Destot, ti kọ̀wé nípa àwọn tí iṣan ulnar wọn bàjẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́ gígùn.

Lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 25 tó gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ìrìnàjò wọn sì jẹ́ kìlómítà 600. Wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò kí wọ́n tó gbéra àti lẹ́yìn tí wọ́n dé.

Nínú èèyàn 25 náà, 23 ló ní ìṣòro ọwọ́: yálà kí ọwọ́ kú, kó di aláìlágbára, tàbí méjèèjì. Àwọn tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ tipẹ́ wà lára wọn.

Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí àìmọ̀ọ́gùn ló ń fa ọwọ́ kíkú.

Kẹ̀kẹ́ tí wọn kò ṣe fún ẹni tó ń gùn ún

Nílẹ̀ wa, ohun kan wà tó ń dá kún ìṣòro yìí: ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́jà ló jẹ́ tòkunbọ̀.

Ẹlòmíràn ní Yúróòpù ni wọ́n kọ́kọ́ ta kẹ̀kẹ́ náà fún. Ìwọ̀n gíga àti gígùn apá ẹni yẹn ni wọ́n wò nígbà tí ó rà á. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dé ọjà wa, owó tó wà lápò ni oníbàárà ń wò, kì í ṣe ìwọ̀n kẹ̀kẹ́.

Tí kẹ̀kẹ́ bá gùn ju èèyàn lọ, yóò ní láti na apá tán pátápátá kó tó lè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ìyẹn irin iwájú tí à ń dì mú. Bó bá ti nà báyẹn, ìwúwo àyà àti orí á kúrò lórí ìjókòó, á sì bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí àwọn àgbà máa ń gùn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ga, ó sì tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún, tí èèyàn fi ń jókòó nàró. Èyí tó wọ́pọ̀ báyìí ní irin gbọọrọ tó ta kọjá níwájú, ibì kan ṣoṣo ni ọwọ́ sì lè wà lórí rẹ̀.

Ẹ fi ẹrù kún un. Ẹni tó so àpò tàbí ike omi mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ dì í mú gírígírí kó má baà yẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń dì mọ́ irin tó, bẹ́ẹ̀ ni ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà ṣe ń wọ inú iṣan.

Ohun tí ẹ lè tún ṣe lára kẹ̀kẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ní ná yín lówó. Ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ gùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó ṣe òmíràn, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ìjókòó: Tí imú ìjókòó bá dorí kodò, ńṣe ni ara á máa yọ̀ síwájú, tí ẹ ó sì máa fi ọwọ́ ti ara yín padà. Ẹ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó ga jù. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ pátápátá lórí ìtẹ̀, orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́: Ẹ gbé e sókè títí tí yóò fi bá ìjókòó dọ́gba tàbí kí ó ga jù ú lọ díẹ̀. Ẹ kíyèsí àmì tí wọ́n fín sára ọ̀pá rẹ̀, kí ẹ má fà á kọjá ibẹ̀, kí ó má baà yọ lójú ọ̀nà. Tó bá ṣì jìnnà sí yín, atúnkẹ̀kẹ́ṣe lè bá yín fi ọ̀pá tó kúrú pààrọ̀ rẹ̀.

Bíréèkì: Tí ẹ bá nawọ́ mú un, ọrùn ọwọ́ àti apá gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan náà. Tí ọrùn ọwọ́ bá ká sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ yí i díẹ̀.

Táyà: Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù máa ń sọ táyà di òkúta. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára táyà fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún fọkanáísà kó má kọjá rẹ̀. Táyà tó fẹ̀ máa ń gba gbígbọ̀n mọ́ra ju èyí tó tín-ín-rín lọ.

Ẹrù: Ẹ dì í sẹ́yìn, kí ẹ sì so ó dáadáa.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá àtúnṣe náà ti yọrí. Níbi tí kò sí ọkọ̀, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú, ẹ rọra tú ọwọ́ yín díẹ̀, láì gbé e kúrò lórí irin. Tí ara yín bá fẹ́ ṣubú síwájú, ọwọ́ ló ṣì ń gbé yín dúró.

Nígbà tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà

Ẹ má na apá gan. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ díẹ̀, kí ó lè máa gba gbígbọ̀n ọ̀nà dípò ọrùn ọwọ́.

Ẹ máa yí ibi tí ọwọ́ wà padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra wọn. Kí ẹ má dúró dìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Tó bá ti ń ta yín, ẹ dúró, kí ẹ na ìka, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ tó bá yẹ.

Ìbọ̀wọ́ tó ní tìmùtìmù náà ń ṣèrànwọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 fi hàn pé ó ń fi ìdá 10 sí 28 nínú ọgọ́rùn-ún dín bí irin ṣe ń tẹ ibi tí iṣan ulnar wà. Àmọ́ kò lè gba kẹ̀kẹ́ tó tóbi ju èèyàn lọ sílẹ̀. Ẹ tún kẹ̀kẹ́ ṣe ná, kí ẹ tó ra ìbọ̀wọ́.

Ìdánwò tí ẹ lè ṣe nílé

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò àti ẹ̀gbẹ́ ìka tó tẹ̀lé e mú bébà kan, kí ẹ ní kí ẹlòmíràn fà á. Tí bébà náà bá tètè bọ́, tàbí tí orí àtàǹpàkò bá ká kó tó lè dì í mú, iṣan ulnar lè ti ní ìpalára.

Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹ̀ka kan nínú iṣan náà kò ní í ṣe pẹ̀lú ìmọ̀lára. Ọwọ́ lè máa di aláìlágbára láì kú, láì dun èèyàn rárá. Ẹni náà á kàn rí i pé bọ́tìnnì ṣòro dè, abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ kò sì fẹ́ yí mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì kan ara wọn, kí ìka dorí kodò, fún ìṣẹ́jú kan. Tí àtàǹpàkò àti ìka àárín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín, ó lè jẹ́ iṣan median.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ sílé ìwòsàn?

Ọwọ́ tó kú lórí kẹ̀kẹ́, tó sì jí kí ọjọ́ náà tó parí, kò yẹ kó kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ rí dókítà tí ẹ bá rí ọ̀kan lára ìwọ̀nyí:

• Tí ọwọ́ bá ṣì ń kú lẹ́yìn tí ẹ ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

• Tí nǹkan bá ń bọ́ lọ́wọ́ yín, tàbí tí ẹran ara tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e bá ń jò.

• Tí ó bá ń jí yín lójú oorun lóru.

• Tí ẹsẹ̀ náà bá ń kú, tàbí tí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ. Àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀ máa ń ba iṣan jẹ́.

• Tí ẹ bá rí àbàwọ́n lára tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, tí kò sì mọ ìmọ̀lára. Ẹ̀tẹ̀ máa ń bá iṣan ulnar jà, ó ní ìwòsàn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀.

Tí apá bá kú lójijì, tí ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, kẹ̀kẹ́ kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Fún iṣan tí kẹ̀kẹ́ tẹ̀, ìsinmi ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Dókítà lè fi nǹkan de ọrùn ọwọ́ lóru kí ó má baà ká, ó lè fi iná kékeré dán iṣan wò, tàbí kó darí yín sọ́dọ̀ oníṣègùn físíò. Díẹ̀ ló máa ń di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ìmọ̀lára máa ń tètè padà, láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Agbára ọwọ́ ló máa ń pẹ́. Bí ẹran ọwọ́ bá ti jò púpọ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ó lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Fún aránṣọ, àgbẹ̀ tàbí mẹkáníìkì tó ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ yẹn náà ni yóò fi ṣiṣẹ́ tó bá débẹ̀.