Àrùn Tí A Pè Ní Kògbóògùn Ti Ń Gbọ́ Oògùn

Ní ìlú Ìlọrin àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká, orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ fún éèdì ni "àrùn kògbóògùn". Nígbà tí a sọ ọ́ ní orúkọ yìí, orúkọ náà bá a mu. Ní ọdún 1986 tí a kéde fún ìgbà àkọ́kọ́ pé a rí éèdì ní Nàìjíríà, kò sí oògùn tí ó lè dá a dúró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sọ fún àwọn oníròyìn pé àrùn náà ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì olórin. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1996 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti rí i pé bí a bá lo oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀, aláìsàn lè yè. Ṣùgbọ́n owó oògùn náà nígbà náà ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà lọ.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà. Ní ọdún 2002, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò láti fún àgbà 10,000 àti ọmọdé 5,000 ní oògùn, tí àgbà kọ̀ọ̀kan sì ń san 1,000 náírà lóṣù. Ní ọdún 2006 ìjọba kéde pé oògùn náà di ọ̀fẹ́. Nítorí náà ó yẹ kí gbogbo ènìyàn tún orúkọ àtijọ́ nì yẹ̀ wò. A kò tíì rí oògùn tí yóò fa éèdì tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kúrò nínú ara, ṣùgbọ́n àrùn náà ń gbọ́ oògùn, bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́.

Ohun tí kòkòrò náà ń ṣe

HIV ni orúkọ kòkòrò náà. Éèdì ni orúkọ àìsàn tí ó ń dé nígbà tí kòkòrò náà bá ti ba ara jẹ́ tán. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni àwọn ọmọ-ogun wà tí ń gbèjà ara. Àwọn kan nínú wọn, tí àwọn dókítà ń pè ní CD4, ni ó ń darí àwọn ìyókù. Àwọn olórí ogun wọ̀nyí gan-an ni HIV ń wọ inú wọn lọ, tí ó sì ń sọ wọ́n di ilé iṣẹ́ tí ó ti ń bí ara rẹ̀ sí i. Èyí lè máa lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí àmì kankan. Ẹni náà ń ròkè ń rodò, ó ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, títí àwọn ọmọ-ogun yóò fi dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àìsàn mìíràn yóò fi rí ọ̀nà wọlé. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi ojú lásán mọ ẹni tí ó ní in. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè sọ.

Bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ oògùn

Ẹni tí ó bá lọ fún àyẹ̀wò ní Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́-Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìlọrin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UITH, tàbí ní ilé-ìwòsàn ìjọba mìíràn tí ó ní ètò yìí, kì yóò gba èsì lórí àyẹ̀wò kan ṣoṣo bí àyẹ̀wò náà bá tọ́ka sí kòkòrò. A ó tún un ṣe kí ó lè dájú. Lẹ́yìn èyí ni òṣìṣẹ́ ìlera yóò jókòó tì í, yóò ṣàlàyé ọ̀ràn fún un, yóò sì bi í bóyá ó ń wúkọ́, bóyá ó ń làágùn lóru, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ní àtijọ́, a máa ń ní kí aláìsàn dúró títí àwọn ọmọ-ogun ara rẹ̀ yóò fi dín kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní ọdún 2015, ìwádìí fi hàn pé ẹni tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sàn ju ẹni tí ó dúró lọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì pàṣẹ pé kí a má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́. Nàìjíríà tẹ̀ lé e ní ọdún 2016. Nísinsìnyí, ẹlòmíràn lè gba oògùn ní ọjọ́ tí ó gba èsì gan-an. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àrùn awọ ọpọlọ bá wà lára rẹ̀, dókítà lè kọ́kọ́ tọ́jú èyí.

Hóró oògùn kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò. Oògùn mẹ́ta ni ó wà nínú hóró kan náà: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Méjì àkọ́kọ́ ń dí kòkòrò náà lọ́wọ́ láti ṣe àdàkọ ara rẹ̀; ìkẹta kò jẹ́ kí ó wọ àárín gbùngbùn ọmọ-ogun ara lọ fìdí kalẹ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ oògùn kan péré ni, kòkòrò náà yóò kọ́ bí a ti ń yẹra fún un. Ẹni tí ó fi àgádágodo mẹ́ta ti ìlẹ̀kùn ni olè kì í tètè rí wọlé.

Ìdí tí a kò gbọdọ̀ fi dá a dúró

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ti ibà, tí a ń lo oògùn rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó sì tán. Díẹ̀ nínú kòkòrò HIV máa ń sùn sínú ara, níbi tí oògùn kò lè dé. Níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí ó bá jí kò lè rí nǹkan ṣe. Bí a bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọn yóò tún pọ̀ bí ti ìṣáájú. Bí a bá sì ń lò ó lónìí tí a ń fò ó lọ́la, kòkòrò náà yóò di alágídí tí oògùn kì yóò ràn mọ́.

Ìlera fúnra rẹ̀ ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ara yóò le, ẹni náà yóò sanra, yóò sì wí pé òun ti bọ́. Ẹlòmíràn yóò gbọ́ pé àgbo kan ń wo éèdì sàn, yóò sì fi hóró oògùn sílẹ̀. Kí á gbàdúrà ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì dára, kò sì ta ko oògùn. Ẹni tí ó bá ní kí aláìsàn da oògùn nù nítorí àdúrà ni ó ń ṣe é ní ibi.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí a mọ̀

Kí a yan wákàtí kan tí ó rọrùn, kí a sì rọ̀ mọ́ ọn. Bí a bá gbàgbé, kí a lò ó ní kété tí a bá rántí. Bí àkókò ti ọjọ́ kejì bá ti sún mọ́ tòsí, kí a fo èyí tí a gbàgbé. A kò gbọdọ̀ lo méjì pọ̀ láti fi dí i.

Nínú oṣù Ràmàdánì, ẹni tí ń gba ààwẹ̀ lè lo oògùn rẹ̀ ní àkókò ìṣínu tàbí ní àkókò sààrì, nítorí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Kí ó bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀ kí oṣù náà tó wọlé. Ẹni tí àìsàn wọ̀ lára, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ti yọ̀ǹda fún un láti má gba ààwẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aboyún, oògùn egungun tí ó ní kálísíọ́ọ̀mù, àti oògùn ọgbẹ́ inú kan lè dí dolutegravir lọ́wọ́. Kí a sọ gbogbo oògùn tí a ń lò fún dókítà, kí ó lè ya wákàtí wọn sọ́tọ̀. Bákan náà ni ẹni tí ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí ó lè nílò àfikún. Bí oorun bá ń dá lójú lóru, kí a bi òṣìṣẹ́ ìlera bóyá kí a máa lo hóró náà ní òwúrọ̀. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a ó ṣe àyẹ̀wò ìwọ̀n kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò rí i mọ́, ẹni náà kò lè kó o ran ẹnìkejì rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ìwádìí tí a ṣe lórí àwọn tọkọtaya ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 àti 2019, kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí ó kó o lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ti aboyún ni ó tún wúni lórí jù: láìsí oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ni ó lè kó o lára ìyá, bí ìyá bá lo oògùn dáadáa, wọn kì í tó 5. Ìyá náà lè fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. A ó fún ọmọ náà ní oògùn olómi, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìtìjú àti òfin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá ilé-ìwòsàn àdúgbò wọn lọ sí ìlú òkèèrè kí ojúlùmọ̀ má bàa rí wọn. Nígbà tí owó ọkọ̀ bá tán, oògùn pẹ̀lú yóò tán. Ẹni tí oògùn ti bá lára mu lè béèrè èyí tí yóò tó o fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ó gba ìwé láti kó lọ sí ibi tí ó sún mọ́ ọn. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti fi àyẹ̀wò HIV ṣe ohun tí yóò fi gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti tú àṣírí aláìsàn síta.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé oògùn yóò wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún náà, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí 4.8 bílíọ̀nù náírà láti ra páálí oògùn 150,000. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé hóró sí méjì, kí ó má sì ṣe fi tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí ó lọ béèrè ní ilé-ìwòsàn tí ó ti ń gba oògùn.

Ẹni tí ó ti dá oògùn dúró fún oṣù kan tàbí fún ọdún kan, ilẹ̀kùn kò tì mọ́ ọn. Kí ó mú káàdì rẹ̀ dání, kí ó padà lọ. Bí káàdì bá sì ti sọnù, kí ó lọ bẹ́ẹ̀; a ó bá a ṣe òmíràn.